Òjò Tó Wọ Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Wa

Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí ìdúró, ẹ wá ibi fìdí lé. Ẹ tẹ́ ẹní, ẹ fa àpótí mọ́ra, kí ẹni tó ń tẹ fóònù rọra gbé e sápò. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò gùn, ṣùgbọ́n kò ṣeé gbọ́ lórí ìnàró. Ọ̀rọ̀ ilé wa ni, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, létí ọ̀sà, àti ọ̀rọ̀ ìyá mi. Nígbà tí ìyá mi darúgbó, ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run: kí òun kú sílé ọkọ òun, kí wọ́n sì sin òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé náà ni bàbá wa wà. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè máa wojú ara yín, ṣùgbọ́n bí a ti ń ṣe é nìyẹn láyé ìgbà náà: baálé kì í lọ sùn síta. Wọ́n fi símẹ́ńtì tẹ́ ojú oórì rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ la sì ń gbà wọ yàrá. Ìyá mi ya àyè kan sọ́tọ̀ níbẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé àga sí i. Bí àlejò bá fẹ́ jókòó síbẹ̀, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀. Yàrá mi lẹ fẹ́ jókòó lé yẹn."

Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá fẹ́. Ìyá mi ló kéré jù, òun nìkan ló sì kù láyé. Nígbà tí bàbá kú, ìdí-igi ni wọ́n fi pín ilé: àwọn ọmọ ìyáálé lápá ọ̀tún, àwọn ọmọ ìyàwó kejì lápá òsì, àwa lẹ́yìn, níbi tó kọjú sí ọ̀sà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìkan ni wọn kò pín, nítorí pé bàbá wà níbẹ̀. Gbogbo wa la ni ín. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa, torí ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti bàjẹ́.

Ẹ̀gbọ́n wa àgbà, ọmọ ìyáálé, kan páànù tuntun sí apá tiwọn, páànù tó ń dán bí awo. Àwọn ọmọ ìyàwó kejì pààrọ̀ tiwọn. Èmi náà ṣe tiwa. Ṣùgbọ́n òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí gbogbo òrùlé yòókù gbé orí lé, èyí tí bàbá kàn ló ṣì wà níbẹ̀. Ó ti dógùn-ún, omi sì ti jẹ igi abẹ́ rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, omi orí òrùlé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á ṣàn wá síbẹ̀, á sì máa kán sórí oórì bàbá.

Mo pe káfíńtà. Ó gun àkàbà lọ wò ó, ó sọ̀kalẹ̀, ó ń nu ọwọ́. "Bàbá, igi yìí ti di búrẹ́dì tí wọ́n rì sínú tíì. Ìjì kan péré ló ń dúró dè."

Mo ra igi, mo ra páànù. Kí káfíńtà tó kan ìṣó àkọ́kọ́, àbúrò wa obìnrin, ọmọ ìyàwó kejì, ti dé láti ọjà Jankara níbi tó ti ń ta aṣọ.

"Bùrọ̀dá, ẹ dúró ná. Ta ló rán yín níṣẹ́?"

"Òjò ni."

"Òjò kọ́ o. Lọ́la, àwọn ọmọ yín á ní bàbá àwọn ló kan ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lọ́túnla, wọ́n á ní àwọn ló nilé. Ṣé a ò rí i ládùúgbò yìí ni?"

"Ó dáa, jẹ́ ká jọ kàn án."

"Ẹ pe ìpàdé ẹbí."

A pe ìpàdé. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ní òun ni àrẹ̀mọ, òun ló tọ́ sí láti kàn án. Kò sì kàn án. Àbúrò wa ní bí gbogbo ìdí-igi kò bá pé, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan kan. Wọ́n ní kí n kó páànù mi kúrò lọ́dẹ̀dẹ̀, kó má baà dà bíi pé mo ti gba ibẹ̀. Ìyá mi ń gbọ́ wa láti yàrá. Ó kígbe: "Ẹ máa jà o, ẹ̀yin ọmọ mi! Bàbá yín ń wẹ̀ lọ́wọ́ níbẹ̀ yẹn, kò kúkú tíì tọrọ ọṣẹ!" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. A sì tú ká.

Àfi ìgbà tí òjò ọdún yẹn dé. Ẹ̀yin tí ẹ kò gbé etí ọ̀sà rí lè má mọ̀: bí ọ̀sà bá kún, gọ́tà kì í gbé omi lọ mọ́, ńṣe ló máa ń gbé e padà wá. Omi dúdú gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé tòun ti ọ̀rá àti ìdọ̀tí ọjà. A fi búlọ́ọ̀kù gbé bẹ́ẹ̀dì ìyá mi sókè. Ìyàwó mi ń gbọ́n omi síta, omi ń padà wọlé. Mo bẹ ìyá mi pé ká lọ sọ́dọ̀ ọmọ mi obìnrin ní Agége.

"Ṣé ọkọ mi náà á bá wa lọ?"

"Ìyá, ẹ má fi ṣàwàdà."

"Ta ló ń ṣàwàdà? Ẹni tó bá jáde nílé tó ń jò, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn."

Lẹ́yìn ìrun Alásárì ni ìjì dé. Ojú ọ̀run lókè ọ̀sà kọ́kọ́ dúdú bí ìdí ìkòkò, gbogbo nǹkan dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni atẹ́gùn wọlé. Páànù ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbéra, ó sọ̀, ó tún gbéra, ó sì lọ. Igi abẹ́ rẹ̀ ya. Bó ti ya, ó fa òrùlé tiwa, ó fa ti àwọn ọmọ ìyàwó kejì, ó fa páànù dídán ti ẹ̀gbọ́n wa, nítorí ara igi kan náà ni gbogbo wọn so mọ́. Ògiri àárín, ògiri alámọ̀ tí omi ti mu láti ìsàlẹ̀, rọra jókòó sílẹ̀ bí ẹni tó ti rẹ̀. Orí oórì bàbá ló jókòó sí.

Ẹ̀gbọ́n wa àgbà, arúgbó bíi tèmi, ló pọn ìyá mi jáde nínú omi. Ó ń sunkún, ó ń wí pé, "Ìyá Kékeré, ẹ foríjì wá." Ìyá mi ń lù ú léjìká: "Gbé mi padà. Mo ní kí o gbé mi padà!" Ó lù ú títí wọ́n fi dé títì.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá, wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára èyí tó kù, wọ́n ní ó léwu, wọ́n sì wó o. A ò lè bá wọn jà. Ó léwu lóòótọ́.

Ní Agége, ìyá mi kò bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀. Láràárọ̀ ló ń bi mí: "Ilẹ̀ ńkọ́?"

"Ilẹ̀ wà, Ìyá."

"Ilẹ̀ náà ti tó mi."

Mo lọ bẹ ẹbí pé kí a kó àwókù kúrò lórí bàbá, kí a fi àyè ìyá mi sílẹ̀ kí a tó ṣe ohunkóhun. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo nǹkan: àwọn ìdí-igi méjì tí kò lè jọ kan páànù kan ṣoṣo fohùn ṣọ̀kan, wọ́n fa ilẹ̀ lé ẹnì kan lọ́wọ́ pé kó kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, kó sì fún ìdí-igi kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí mo pariwo, àbúrò wa wò mí lójú. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ń kánjú kí wọ́n kàn án. Ẹni tó máa kàn án ti dé."

Ìyálẹ̀ta ọjọ́ Jímọ̀ kan ni ìyá mi kú. Òkú àwa Mùsùlùmí kì í dúró. A wẹ̀ ẹ́, a kírun sí i lára, a gbé e sínú ọkọ̀, a sọdá afárá. Nígbà tí a débẹ̀, wọ́n ti gbẹ́ ìpìlẹ̀. Ibi tí bàbá wà, irin dúró ṣánṣán nínú símẹ́ńtì, òjò sì ti kún kòtò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dé ẹnu. Kò sí ẹni tó dí wa lọ́nà. Kò kàn sí ibi tí a máa gbẹ́ ni. Ààfáà wo omi náà, ó wo oòrùn.

"Bàbá, ṣé inú omi lẹ fẹ́ tẹ́ Màmá sí?"

Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ṣí fìlà, ó dúró sétí kòtò. Àbúrò wa obìnrin fi gèlè bojú. A yí ọkọ̀ padà. Itẹ́ òkú ìlú la sin ín sí, láàárín àwọn tí a kò mọ̀ rí.

Bó ti parí nìyẹn. Àwọn ọmọ ìyáálé jogún ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí títì. Àwọn ọmọ ìyàwó kejì jogún ti òkè. Ẹ̀yìn, létí ọ̀sà, ni wọ́n fún àwọn ọmọ tèmi. Ọdọọdún ni omi ń wọ̀ ọ́, oníbàárà kì í débẹ̀. Ọmọ mi obìnrin gba ẹní ìrun ìyá mi àti tẹ̀sùbáà rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà kò pẹ́ kú, èmi ni mo sì jogún ipò olórí ẹbí. Ìyá mi kò jogún nǹkan kan. Ibi tó sùn sí, ilẹ̀ ìjọba ni.