Nọ́ńbà Tí Bàbá Mi Fi Ọkọ́ Ha Kúrò

"Ìfura loògùn àgbà." Ẹnu bàbá mi kì í kúrò lára ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ má rò pé mò ń pẹ̀gàn rẹ̀ o, èmi náà ò yára gba ènìyàn gbọ́. Aṣọ ni mò ń rán ní Sakété, oníbàárà tó bá sì yìn mí jù, mo máa ń tún aṣọ rẹ̀ wọ̀n ni.

Àgbẹ̀ ni bàbá mi ní Agidi. Ó ní àgbo kan fún ibà pọ́njú, ìyá rẹ̀ ló fi lé e lọ́wọ́, kò sì sí ilé tí kì í wá bù ú. Gbogbo wa la mọ ewé tó wà nínú rẹ̀, àfi ẹyọ kan tí kì í já lójú ẹnikẹ́ni. Àwa ọmọ pàápàá ò mọ̀ ọ́n. Ó ní tí ọjọ́ bá tó, òun á sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan àti ọkùnrin kan dé láti yunifásítì nínú mọ́tò funfun. Wọ́n ní àwọn ń wádìí ohun tó wà nínú ewé tó ń ṣẹ́gun ibà, kí bàbá jọ̀wọ́ fi tirẹ̀ han àwọn. Bàbá mi fún wọn lómi mu, ó bi wọ́n léèrè àlàáfíà ìyá wọn, ó wá já ewé ẹ̀gẹ́ lé wọn lọ́wọ́. Ewé ẹ̀gẹ́! Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, a ó padà wá." Bí wọ́n ṣe lọ báyìí, ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa wá.

Kò pẹ́ ni mọ́tò funfun mìíràn tún dé. Àwọn tinú èyí ní àwọn ń wádìí bí áńbúláǹsì ṣe lè máa tètè dé abúlé. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sára ògiri kọ̀ọ̀kan, kí awakọ̀ lè mọ ilé tó ń lọ. Bàbá mi ń wò wọ́n títí wọ́n fi lọ.

"Mọ́tò funfun kan náà ni," ó ní. "Àwọn olè ewé ti sàmì sílé mi. Pańṣá ò fura, pańṣá jáná!"

Ó gbé ọkọ́, ó ha nọ́ńbà náà kúrò, ó fi amọ̀ rẹ́ ibẹ̀. Nígbà tó máa fi dalẹ́, àwọn ará àdúgbò ti ń ha tiwọn, wọ́n ní owó orí ni ìjọba fẹ́ fi gbà. Bàbá mi tún lọ bá àwọn obìnrin tó ń yan gàrí ní oríta, ó ní ẹni tó bá fi mọ́tò funfun béèrè ilé òun, kí wọ́n ní òun ti kó lọ sí Ìlara. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í fi ilé àgbà han àlejò bí àgbà ò bá fẹ́. Lójú tèmi náà, ó gbọ́n.

Ọ̀sán ọjọ́ ọjà kan ni ìyàwó àbúrò mi pè mí láti Agidi, ó ń ké. Bàbá ń dáná àgbo ni, ó ṣubú, ẹnu rẹ̀ ti wọ́, ọwọ́ ọ̀tún kò ṣe é gbé. Mo pe áńbúláǹsì. Ká sòótọ́, mi ò gbà pé wọ́n á wá. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ariwo rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, eré burúkú! Inú mi dùn, mo fò sẹ́yìn sẹ́mìjàn, alùpùpù tó ń kérò, a tẹ̀ lé e.

A ò tíì dé Agidi tí mo fi rí áńbúláǹsì náà tó ń padà bọ̀. Mo ní wọ́n ti gbé bàbá mi nìyẹn. Mo bọ́ sójú ọ̀nà, mo ń ju ìborùn sí wọn. Wọ́n dúró. Inú ọkọ̀ ṣófo.

"A ò rí nọ́ńbà lára ògiri kankan, wọ́n sì ní bàbá yẹn ti kó lọ sí Ìlara," awakọ̀ ní. "Ibẹ̀ la ń lọ."

Yéè! Mo wọlé, mo ní kí wọ́n yí padà. Ní oríta, ọ̀kan nínú àwọn tó ń yan gàrí rí mi lójú fèrèsé, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, a ti lé wọn lọ o! Ẹ̀yin lẹ tún mú wọn padà?" Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló jẹ́.

Ní ọ̀pítálì Pobẹ̀, dókítà ní kò ní kú. Ó ní ká ní wọ́n tètè gbé e dé ni, bóyá ahọ́n rẹ̀ ì bá ṣì gbọ́ràn. Mo kọ́kọ́ fura sí "bóyá" yẹn. Ṣùgbọ́n mo mọ ọ̀nà tí àkókò náà bá lọ.

Lẹ́yìn tí a gbé bàbá padà sílé, obìnrin yunifásítì padà wá lóòótọ́. Àwọn tó ń yan gàrí fúnra wọn ló sìn ín dé ẹnu ọ̀nà wa. Mò ń ṣọ́ ọ títí. Bàbá mi fi ọwọ́ òsì dì í mú, ó wọ́ ẹsẹ̀ dé ẹ̀yìnkùlé, ó nàka sí igbó tó wà lẹ́yìn oko ọ̀pẹ, igbó tó lọ títí dé ààlà Nàìjíríà.

"Bàbá, ewé wo ni?" obìnrin náà bi í. "Kí lorúkọ rẹ̀?"

Bàbá mi la ẹnu, ó fi gbogbo ara tì í. "Á... á..." Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá yíjú sí mi, ó ń mi apá mi pé kí n sọ ọ́ fún un. Èmi tí kò sọ ọ́ fún rí.