Aṣọ Tí A Kò Ní Wọ̀

Ooru oṣù kẹrin ní Niamey kì í ṣe ohun àfẹnusọ. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ wa ní àdúgbò Kalley, mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí i. Bí àwọn ọkùnrin bá ti jáde, wọn á ti ilẹ̀kùn àgbàlá, wọn á bọ́ bùbá, wọn á so ìró mọ́ ìdí, wọn á sì tẹ́ ẹní sábẹ́ igi. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá àgbà ṣe ń ṣe ní agboolé wa l'Ógbòmọ̀ṣọ́ nígbà kan. Ní báyìí, ẹ óò wá wọn tì.

Èmi ńkọ́? Láti ìgbà tí wọ́n ti gé ọmú mi òsì nítorí jẹjẹrẹ, bùbá kì í kúrò lọ́rùn mi. Ara ti yá, mo dúpẹ́, àmọ́ mo máa ń pa iná kí n tó bọ́ aṣọ, kódà lójú ọkọ mi. Òógùn á bò mí, màá ní ooru ò mú mi.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin òyìnbó kan tó jẹ́ oníbàárà mi wá ra àǹkárá ní ìsọ̀ aṣọ mi. Ó ní kí n gé e ní yáàdì kọ̀ọ̀kan, òun ò ní rán an.

"Madame, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"A ó máa jókòó lé e ni."

Ó ní ibi ìsinmi kan wà létí òkun nílùú wọn tí wọn kì í ti í wọṣọ rárá. Kì í ṣe ìṣekúṣe, òfin ibẹ̀ sì le: ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ jókòó láì tẹ́ aṣọ tirẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Èmi aláṣọ, àwọn tí kì í wọṣọ ló ń ra ọjà mi!

Òun náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́ lẹ́yìn náà. Ibẹ̀ ti ń kú lọ. Àwọn àgbà ń dín kù, àwọn ọ̀dọ́ ń bẹ̀rù fóònù tí ń ya fọ́tò, onílẹ̀ sì fẹ́ kọ́ òtẹ́ẹ̀lì síbẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n gé lọ́mú, ibẹ̀ nìkan ló ti ń fi àyà gba oòrùn, ẹnikẹ́ni kì í sì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Àlùmágàjí dúró lọ́wọ́ mi.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni bọ́ra sílẹ̀ ní títì Kalley o. Mùsùlùmí ni mí, aṣọ ni mo sì ń tà jẹun. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ibì kan wà láyé yìí tí ara èèyàn ò ti ní máa tì í lójú. Ìyá ọkọ mi ní irú ibẹ̀, lórí ẹní wọn. Èmi ni mi ò débẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo bọ́ bùbá, mo so ìró mọ́ ìdí, mo sì jáde sí àgbàlá. Ìyá ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wo àpá náà dáadáa, wọn ò sáré gbójú kúrò. Wọ́n wá sún ìdí lórí ẹní.

"Sún mọ́bí, ìyàwó mi. Atẹ́gùn kì í dé ibi tóo dúró sí yẹn."

Mo jókòó. Atẹ́gùn fẹ́ sójú àpá náà, ó sì dùn mọ́ mi débi pé mo gbàgbé láti bá wọn ṣa ẹ̀wà.