Ìyá Yànmùyánmú àti Ilà Kejì

Ìyá Yànmùyánmú ni gbogbo wa ń pè é. Ọdún mọ́kànlá ló lò ní yàrá àyẹ̀wò tí mo ti ń fọ ìgò. Ibà tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, èyí tó máa ń roni léegun bí ẹni tí wọ́n fi kùmọ̀ lù, ni iṣẹ́ rẹ̀.

Mo bi í nígbà kan pé kí ló wà nínú kòkòrò ibà náà. Ó ní irinṣẹ́ mẹ́wàá péré.

Mo ní, "Mẹ́wàá? Káfíńtà kò lè fi ìyẹn kan àga."

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, wọ́n ń di ara wọn mú ni. Ọ̀kan ń tú okùn ìran rẹ̀, èkejì ń ṣe ẹ̀dà okùn náà. Bí wọ́n bá jáwọ́ lára ara wọn, ìran rẹ̀ parun."

Mẹ́wàá. Ó sì ń dá géńdé dùbúlẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu títí.

Dídì-mọ́ra àwọn méjì yẹn ló fẹ́ fojú rí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fi irin òòfà fa ọ̀kan jáde nínú omi, bóyá èkejì á tẹ̀lé e. Bí ó bá tẹ̀lé e, ilà méjì á yọ lórí bébà àyẹ̀wò, ilà kan fún irinṣẹ́ kan. Ọ̀kan ṣoṣo ló ń yọ. Ọ̀gá ní bí kò bá di méjì lọ́jọ́ Ẹtì, kó palẹ̀ iṣẹ́ náà mọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, mo ń fọ ìgò rẹ̀ kan, ìdérí búlúù. Búlúù ni ti omi iyọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, pupa ni ti iyọ̀ líle. Iyọ̀ gbẹ sẹ́nu ìgò yìí, ó nípọn. Mo rántí pé mo ti ṣí ìdérí méjèèjì fọ̀ lóṣù tó kọjá.

Mo gbé e lọ bá a. "Mo ṣẹ̀ ọ́. Mo ti ṣèèṣì pààrọ̀ ìdérí méjèèjì."

Ó tẹjú mọ́ ìgò náà. "Àṣé iyọ̀ líle ni mo fi ń ṣàn wọ́n! Òun ló ń tú wọn ká. Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kí n lọ máa kiri ọjà ni?"

"Bú mi dáadáa."

"Ó di ọjọ́ Ẹtì. Ẹ fọ ìgò míì wá fún mi ná."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó ní kí n jókòó. Bébà wà nínú omi nínú abọ́ pẹrẹsẹ. Ilà kan yọ. A dúró. Èkejì wá yọ lókè rẹ̀, tínrín bí irun ìpéǹpéjú ọmọ ọwọ́. Mo ṣí fìlà mi.

"Ẹ wò wọ́n," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Wọn ò jáwọ́."

Ó gbé abọ́ náà tomi-tomi, ó dìde, ó gba yàrá ọ̀gá lọ.