Bí Mo Ṣe Kun Ìdọ̀tí Sára Tésàn Bàbá Ọkọ Mi

Títí dòní, tí òórùn fínígà bá kàn mí nímú, yàrá mi àtijọ́ ní Bódìjà ni mo máa ń rántí. Lórí tábìlì tó wà lẹ́bàá fèrèsé níbẹ̀ ni mo ti máa ń rẹ kànìnkànìn onírin, irú èyí tí a fi ń ha ìdí ìkòkò, sínú fínígà fún ọjọ́ mẹ́ta, títí omi ẹ̀ á fi pọ́n bí irin tó ti dógùn-ún. Mo máa ń gún èédú lúbúlúbú, mo máa ń jọ erùpẹ̀ pupa àgbàlá wa nínú asẹ́, mo sì máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì tó tín-ín-rín bí ẹyọ ìgbálẹ̀ kun gbogbo ẹ̀ sára àwọn ilé kéékèèké.

Ìwọ náà mọ̀ pé eyín àtọwọ́dá ni mo ń ṣe níbi iṣẹ́, ọwọ́ mi kì í sì í gbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà lókè òkun ló kọ́kọ́ fi páálí kan ránṣẹ́ sí mi: tésàn rélùwéè kékeré ni, tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́, ògiri lọ́tọ̀, òrùlé lọ́tọ̀, ilẹ̀kùn tí kò ga ju oríkèé ìka kan lọ náà lọ́tọ̀, kí èèyàn máa fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ṣùgbọ́n lílẹ̀ yẹn kọ́ ni iṣẹ́. Tí o bá lẹ̀ ẹ́ tán, ohun ìṣeré ọmọdé ló ṣì jẹ́. Ìgbà tí o bá kun ìdọ̀tí sí i, tí o fi òjò àti oòrùn ọ̀pọ̀ ọdún sí i lára, ló tó máa ń jọ ilé tí èèyàn ti gbé inú ẹ̀ rí. Màmá mi wọlé lọ́jọ́ kan, wọ́n bá mi níbi tí mo ti ń fi ẹrẹ̀ ra ògiri funfun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lánàá. Wọ́n dúró, wọ́n wò mí títí. "Ṣé èmi náà ni mo kọ́ ẹ báyìí?" Wọ́n ní àwọn ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá mọ níbẹ̀, ká ní kì í ṣe ti bàbá ọkọ mi. A ò tíì ṣègbéyàwó nígbà náà. Ọ̀gá tésàn rélùwéè ni bàbá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì sí Baṣọ̀run, aago sì ni ẹ̀jẹ̀ ara wọn. Ọjọ́ tí ọkọ mi kọ́kọ́ mú mi lọ kí wọn, aago mẹ́rin la dá. Òjò rọ̀, ìwọ náà sì mọ bí ọ̀nà ọjà Bódìjà ṣe máa ń rí tí òjò bá rọ̀. Nígbà tí a fi máa débẹ̀, aago márùn-ún ti fẹ́ẹ̀ lù. Bàbá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n na ọwọ́ tí aago wà síwájú. Mo kúnlẹ̀. Wọn ò wojú mi. "Ọkọ̀ aago mẹ́rin ti lọ," ni wọ́n wí, wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n sì tilẹ̀kùn. Ó di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó sọ fún ọkọ mi pé àwọn ò rò pé àwọn lè fọwọ́ sí ìgbéyàwó wa. Ọkọ mi kì í sì í ṣe ẹni tó lè ṣe ohun tí bàbá ẹ̀ ò bá fọwọ́ sí. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà dénú, ẹ̀rù sì bà mí gan-an.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbé tésàn tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ kalẹ̀, láti sọ ọ́ di tésàn bàbá gan-an, kí n fi bẹ̀ wọ́n. Fọ́tò kan wà ní pálọ̀ bàbá, níbi tí wọ́n ti dúró níwájú tésàn wọn, fìlà iṣẹ́ lórí. Ọkọ mi yà á sórí fóònù fún mi. Mo gé ihò èéfín àwọn ara ilẹ̀ òtútù dànù, mo sì tẹ bébà fàdákà mọ́ eyín ìyàrí títí ó fi di páànù. Mo lọ sí Agbowó lọ tẹ pátákó orúkọ tésàn jáde, kó kéré bí hóró ìrẹsì kan. Ẹni tó ń bá mi tẹ̀ ẹ́ bi mí pé, "Àǹtí, ta ló fẹ́ kà á?" Lẹ́yìn náà ni ọkọ mi gba ìlú tí tésàn náà wà kọjá, ó sì ya tésàn ọ̀hún bó ṣe wà báyìí: wọ́n ti pa á tì, páànù ti dógùn-ún, koríko ti gba ojú irin. Mo ní ká má purọ́, bó ṣe wà ni mo máa ṣe é. Ọjọ́ mẹ́wàá gbáko ni mo fi kun ìdọ̀tí sí i, inú mi sì dùn sí i débi pé mi ò ráyè fi fáníìṣì, tí kì í jẹ́ kí omi fọ kíkùn dànù, bò ó.

Lọ́jọ́ tí a gbé e lọ, aago mẹ́ta ààbọ̀ la ti dé. A jókòó sínú mọ́tò níta títí aago mẹ́rin fi lù. Mo kúnlẹ̀, mo ṣí aṣọ lójú ẹ̀.

"Háà! Tésàn wa rèé!" Ìyá ọkọ mi ló pariwo bẹ́ẹ̀.

Bàbá wọ awò ojú wọn. Wọ́n wò ó láti òrùlé dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ní, "Ta ló fi tésàn mi sílẹ̀ báyìí? Sátidé Sátidé la máa ń kun ẹfun sí ògiri yìí!" Wọ́n ní kí ìyá gbé omi àti àkísà wá. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àkísà ti wà lórí páànù mi, omi pupa ti ń ṣàn sórí tábìlì.

Mo gbàgbé pé mo wà lórí ìkúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ̀ ọ́! Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo fi kun ìdọ̀tí yẹn!"

Ìyá di àga mú, ẹ̀rín ń gbọ̀n wọ́n jìgìjìgì. Ọkọ mi kọjú sógiri. Bàbá dúró, àkísà ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

"O mọ̀ọ́mọ̀ kùn ún?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Omi ti lé sí mi lójú.

Wọ́n jókòó. Wọ́n tún fara mọ́ tésàn náà, wọ́n wò ó dáadáa. "Ìwọ ọmọ yìí, ibi tí o kùn ún sí gan-an ni kò yẹ."

Bí ẹ̀kọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ní ìdọ̀tí ìpatì ni mo kùn, ìdọ̀tí iṣẹ́ ló sì yẹ kí n kùn. Èéfín ọkọ̀ kì í dé ẹ̀yìn òrùlé, etí iwájú ẹ̀ ló máa ń bà sí. Ẹnu fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ dán, torí ibẹ̀ ni àwọn èrò máa ń gbé ìgúnpá lé. Ògiri ẹ̀yìn bẹ́ǹṣì sì gbọ́dọ̀ ní àmì òróró orí àwọn tó ń sùn de ọkọ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹfun Sátidé ńkọ́?" Wọ́n ní, "Tó bá di Mọ́ńdè, orí wọn á ti padà síbẹ̀."

Sátidé mẹ́ta ni mo fi lọ, aago mẹ́rin géérégé. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, bàbá ní kí n gbé èédú lúbúlúbú yẹn wá. Wọ́n ti àtàǹpàkò bọ̀ ọ́, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ àtẹ́rígbà ọ́fíìsì wọn. "Ibí ni mo máa ń gbá mú tí mo bá ń jáde lọ pàdé ọkọ̀." Ṣé o mọ bí àtàǹpàkò àgbà ṣe tóbi tó? Ó bo ilẹ̀kùn, ó bo fèrèsé, ó sì bo pátákó tí mo tìtorí ẹ̀ lọ sí Agbowó.

"Bàbá, ẹ ti dí ẹnu ọ̀nà pa," ni ìyá wí.

"Ọwọ́ mi ni," ni bàbá dáhùn. Wọ́n nu ọwọ́ náà, wọ́n yíjú sí ọkọ mi. "Ẹni tó fi ọjọ́ mẹ́wàá ṣiṣẹ́, tí mo fọ̀ ọ́ dànù lójú ẹ̀, tó tún padà wá, á lè bá wa gbé. Ẹ lọ bá àwọn òbí ẹ̀ mú ọjọ́. Kí ẹ má sì pẹ́ débẹ̀."

Pálọ̀ wa ni tésàn náà wà báyìí. Àwọn àlejò máa ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò nu àbààwọ́n dúdú yẹn kúrò. Tí bàbá bá wá kí wa, wọ́n á kọ́kọ́ lọ gbé àtàǹpàkò wọn lé e, wọ́n á wò ó bóyá ó ṣì bá a mu, kí wọ́n tó jókòó. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé òjò àti oòrùn ló ń sọ ilé di arúgbó. Bàbá ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ọwọ́ àwọn èèyàn inú ẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, òun sì ni ó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wá. Ní ọ̀sẹ̀ tí a ṣègbéyàwó, mo ra fáníìṣì ní Mọ́kọ́lá. Orí àtàǹpàkò yẹn ni mo kọ́kọ́ kùn ún sí, torí àkísà.