Àtàrí Mi àti Ọwọ́ Ràfátù

Ràfátù ni orúkọ rẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mo fi gbé ilé ọkọ mi ní Ìwó láì pè é bẹ́ẹ̀, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ìbàdíàrán ni mo sọ ọ́. Àbúrò ọkọ mi ni, ọmọ ọdún méjìdínlógún nígbà tí mo dé ilé wọn, ìwé mẹ́fà ló kà. Èmi ti ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, síbẹ̀ èmi ni mo ń kúnlẹ̀ kí i. Ìyẹn kò dùn mí. Ohun tó fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe sí orí mi ló dùn mí.

Onídìrí ni. Ní ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ sọ àkọ́bí mi lórúkọ, ó ní irun mi le bí ìgbálẹ̀, kò ṣeé gbé síwájú àlejò. Ó fi rilásà, ìpara tó ń sọ irun di gbọọrọ, pa á láti iwájú dé ìpàkọ́. Mo ní ó ń ta mí. Ó ní kí n fara dà á, pé ẹni tó bímọ láìké kò gbọdọ̀ ké nítorí irun. Àwọn obìnrin ilé rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, lórí awọ tó ti bó yẹn náà, ó di ṣùkú fún mi, ó fà á débi pé ojú mi kò ṣeé pa dé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni mo mọ̀ pé nǹkan ti ṣe. Mo fi ìka kan àtàrí mi, omi bá a wá. Kì í ṣe òógùn. Ó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, ó sì ń rùn díẹ̀. Ó yẹ kí n tú irun náà lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n irun tí ilé ọkọ dì fún ìyàwó nítorí ọmọ tuntun, ta ni yóò tú u níṣojú àlejò? Àrífín ńlá ni. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni mo gbé e kiri. Nígbà tí mo wá tú u, irun àárín orí bá ìlarun jáde tòun ti gbòǹgbò. Ojú ibẹ̀ tó ìdérí ìgò.

Kò hù mọ́. Ó ń yún mi, ó ń jó mi, ó sì ń fẹ̀ sí i. Ràfátù tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é ló tún lọ ń sọ káàkiri agbo ilé pé orí ìyàwó àwọn ń pá, pé bóyá wọ́n bí i mọ́ ọn ni. Mo gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé tí wọ́n ń pè mí ní Ìyàwó Apárí.

Mo ra wíìgì. Nígbà tí afẹ́fẹ́ fẹ́ gbé e lọ níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ awọ. Ìborùn ni mo fi ń sùn. Ọkọ mi, ọmọlúàbí ni wọ́n, wọ́n béèrè lẹ́ẹ̀kan, wọn kò béèrè mọ́. Ọdún méjìdínlógójì la jọ gbé, wọ́n sì kú láì rí àtàrí mi. Nínú gbogbo ohun tí mo ń kọ síbí, èyí ló ń tì mí lójú jù.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, egbò yọ lábẹ́ wíìgì. Mo pè é ní làpálàpá, mo ń fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, mo ń fi àdí àgbọn pa á, mo sì tún ń lẹ wíìgì lé e lórí. Olùkọ́ ni mí. Mo mọ̀ pé egbò ń fẹ́ afẹ́fẹ́. Oṣù márùn-ún ni kò fi jinná. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, obìnrin tó dúró tì mí nínú sáàfù, ìlà àwọn tó ń kírun ní mọ́sáláṣí, sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fi ìborùn bo imú. Bí a ti kírun tán ni mo tẹ Múlíkátù, ọmọ mi obìnrin, láago ní Ìbàdàn.

Ó mú mi lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Òṣogbo. Láti aago méje àárọ̀ títí di ọ̀sán la fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ ló wé gèlè. N kò mọ èwo nínú wọn ló ń fi tirẹ̀ pa nǹkan mọ́. Dókítà náà, obìnrin ni, kò ju àbíkẹ́yìn mi lọ. Ó ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i." Ó pẹ́ kí ọwọ́ mi tó gbọ́ràn. Dókítà náà kò di imú.

Ó ní nǹkan méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní ni irun-pípá alápàá. Bí a bá ń fa irun tagbára-tagbára, tàbí tí ìpara bá jó awọ, ihò tí irun ń gbà hù a máa wú, bó bá pẹ́ a di àpá, àpá kì í sì í hu irun. Ẹni tó bá tètè dáwọ́ dúró, irun rẹ̀ lè padà. Tèmi ti kọjá bẹ́ẹ̀. Èkejì ni egbò náà: egbò tó bá pẹ́ lójú àpá àtijọ́ lè di jẹjẹrẹ. Wọ́n gé ẹran bín-ín-tín níbẹ̀ láti lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi pa awọ náà kú dùn mí ju gígé rẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi dúró de èsì. Kì í ṣe ikú ni mo ń bẹ̀rù, ẹni tí yóò wẹ̀ mí ni. Ràfátù kò dirí fún alààyè mọ́. Òun ni olórí àwọn obìnrin tó ń wẹ òkú ní àdúgbò wa. Bí obìnrin Mùsùlùmí bá kú, wọ́n á tú irun rẹ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á dì í ní ọ̀nà mẹ́ta. Mo máa ń rí i lójú inú bí wọ́n ti tú gèlè mi, tí wọ́n ń wo ara wọn lójú, tí wọn kò rí irun dì.

Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Kòkòrò àìfojúrí ló kó sínú egbò náà. Wọ́n fún mi ní oògùn, wọ́n ní kí ẹnì kan máa bá mi wẹ egbò náà ní ọjọ́ méjì-méjì. N kò lè rí àtàrí mi láti wẹ̀ ẹ́ bó ti yẹ fúnra mi. Múlíkátù gbọ́dọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́, èmi àti Ràfátù nìkan ló kù nínú ilé. Ọmọ mi kò mọ ìtàn kankan. Ó pe àǹtí rẹ̀, ó kọ́ ọ bí wọn yóò ṣe máa wẹ̀ ẹ́, ó wọ mọ́tò lọ.

Mo jókòó sórí àpótí láàárín orúnkún rẹ̀, bíi tọjọ́ ìjọsí. Ó tú ìborùn mi. Mo ń retí ẹ̀rín rẹ̀. Omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló kàn mí. Ọwọ́ rẹ̀ ti fúyẹ́.

Mo ní, "Ìbàdíàrán, ẹ má purọ́ fún mi. Ṣé ó ń rùn?"

Ó ní, "Èyí tó ju èyí lọ ni mo máa ń wẹ̀. Àwọn yẹn kì í yọ mí lẹ́nu."

Mo rẹ́rìn-ín, inú sì bí mi pé mo rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ló fi wẹ̀ ẹ́ kó tó jinná. Irun kò hù, kò sì ní hù. Awọ ibẹ̀ ń dán, ó mọ́, mo sì máa ń ṣí i sí atẹ́gùn nínú yàrá mi. Ara tí mo fi gọ́ọ̀mù dí lẹ́nu fún ọdún pípẹ́ yìí kò kọ̀ mí sílẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwọ tó ń kà á, bí irun bá ń fà ọ́ lójú, tú u, ẹni yòówù kó dì í. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ràfátù pẹ̀lú. N kò tí ì dárí jì í, kò sì bẹ̀ mí.

Lọ́jọ́ tó wẹ̀ ẹ́ kẹ́yìn, ó nu ọwọ́, ó ti ilẹ̀kùn. Ó fọwọ́ kan etí ìborùn tirẹ̀, èyí tí n kò rántí ìgbà tí mo rí i tó ṣí i gbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n kò tú u. Ó ní:

"Ìyàwó, bí mo bá ṣáájú rẹ lọ, má jẹ̀ẹ́ kí àwọn yòókù wẹ orí mi. Ìwọ nìkan ni kí o wẹ̀ ẹ́."