Òkú Tí Kóòtù Pè Lẹ́ẹ̀mẹta

Bàbá Gàfárù Bọ́láwárìn ti kú. Ọjọ́ Ajé la sin wọ́n sí itẹ́ àwọn Mùsùlùmí, kí oòrùn tó wọ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kóòtù gíga kan nílùú Ìbàdàn pe orúkọ wọn, ó ní kí wọ́n wá rojọ́. Nígbà tí wọn kò dáhùn, adájọ́ da ẹjọ́ wọn nù.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, nítorí èmi náà kò tètè gbà á gbọ́. Òkú ni wọ́n fìyà jẹ pé kò wá.

Ẹni tí kò mọ bàbá yìí lójú lè mọ orúkọ wọn nínú ìwé. Gbogbo ọmọ tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin ló mọ ẹjọ́ Bọ́láwárìn àti Àjọ Àtúntò Ìgboro, àjọ ìjọba. Ilẹ̀ òkèèrè lèmi ti kọ́kọ́ kà á, mo sì rò pé ara àwọn èèyàn ayé àtijọ́ ni. Àṣé bàbá tó ń ṣe fotokópì ní Agbowó ni, tó ń fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ìtàn ẹjọ́ náà kò le. Bàbá ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan níbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, katapílà Àjọ dé. Kò sẹ́ni tó kọ̀wé ṣáájú, kò sẹ́ni tó kanlẹ̀kùn. Wọ́n wó ṣọ́ọ̀bù mọ́ ẹ̀rọ, mọ́ jẹnẹrétọ̀, mọ́ iṣẹ́ àṣekágbá àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Kóòtù àkọ́kọ́ ní Bàbá kò lẹ́jọ́ í rò, torí wọn kò ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé. Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní rárá o. "Ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ ṣì ní etí àti ẹnu," báyìí ni adájọ́ àgbà wí. "Ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún un kí ẹ tó wó o, ẹ sì gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu rẹ̀." Ó pàṣẹ kí Àjọ dá ilẹ̀ náà padà. Àjọ kò sì gbé ẹjọ́ ọ̀hún lọ sókè mọ́.

Ìdájọ́ yẹn di òfin tí gbogbo wa ń sá sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí katapílà dé àdúgbò Challenge lọ́dún tó kọjá, lọ́yà kan, ọ̀dọ́bìnrin, ló dúró níwájú rẹ̀, tó ń ka ìdájọ́ Bọ́láwárìn sókè ketekete. Awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Ọ̀gá rẹ̀ pe ọ̀gá tirẹ̀ lórí fóònù. Katapílà ṣẹ́rí padà. Odidi ìlà ṣọ́ọ̀bù yẹn ló ṣì wà níbẹ̀ títí dòní.

Ilẹ̀ Bàbá fúnra wọn ńkọ́? Ilé tẹ́tẹ́ ló wà lórí rẹ̀. Àjọ ti yọ̀ǹda rẹ̀ fún ẹlòmíràn nígbà tí ẹjọ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́.

Òdìkejì títì ni Bàbá wá ń jókòó sí, níwájú ṣọ́ọ̀bù onífotokópì mìíràn tó gbà wọ́n láàyè. Ibẹ̀ ni mo bá wọn. Mo ní, "Bàbá, ṣé ìwọ lo ni ẹjọ́ yẹn?"

Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. "Èmi tí mo na ìjọba ní kóòtù, èmi lò ń pè ní 'ìwọ'? Ọmọ òyìnbó, tún un sọ jàre, fi 'ẹ̀yin' sí i."

Mo tún un sọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ń ṣe ẹ̀dà ìdájọ́ náà lọ́wọ́ lẹ́yìn wa. Bàbá nawọ́ sí i: "Ọ̀gbẹ́ni, èmi lò ń kì bọ ẹ̀rọ yẹn o. Rọra, má jẹ́ kó há mi lórí." A bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni Bàbá yíjú sí ilé tẹ́tẹ́.

Wọ́n padà lọ sí kóòtù gíga, kí ó fipá mú Àjọ ṣe ohun tí ìdájọ́ wí. Nígbà kan, adájọ́ wà nínú ìsinmi. Nígbà mìíràn, wọ́n ti gbé adájọ́ lọ síbòmíràn. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù daṣẹ́ sílẹ̀. Lọ́yà Bàbá, tí ẹjọ́ yìí sọ dẹni ńlá, ti kó lọ sí ọ́fíìsì tuntun ní Bodija, kò ráyè gbé fóònù Bàbá mọ́. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ Bàbá ń ga. Ẹsẹ̀ ń wú. Safiyyah, ọmọ wọn obìnrin, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fotokópì láti kékeré, bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀wọ́ ẹjọ́. Wọ́n ní, "Tí mo bá jọ̀wọ́ ẹ̀, níbo lo ti máa jẹun?"

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí mo wí yìí, Safiyyah gbé ojú tí ẹkún ti mú wú lọ sí kóòtù láti túfọ̀. Lọ́yà kò wá, kò rán ẹnikẹ́ni. Adájọ́ ní kí wọ́n pe olùpẹ̀jọ́. Akọ̀wé bọ́ sẹ́nu ọ̀nà bí ìṣe kóòtù, ó kígbe: "Gàfárù Bọ́láwárìn! Gàfárù Bọ́láwárìn! Gàfárù Bọ́láwárìn!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, nílẹ̀ Yorùbá yìí, ta ní ń dúró lẹ́nu ọ̀nà pe òkú tí erùpẹ̀ sàréè rẹ̀ kò tíì gbẹ, lẹ́ẹ̀mẹta, lórúkọ? Ẹni tó pè é, ṣé ó ti múra àtigbọ́ ìdáhùn? Safiyyah ní òun wo ẹnu ọ̀nà. "Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé wọ́n máa wọlé ni. Wọn kì í pa ọjọ́ kóòtù jẹ."

Lọ́yà Àjọ dìde, ó tẹríba. "Olúwa mi, ó hàn pé ọkàn olùpẹ̀jọ́ ti kúrò nínú ẹjọ́ yìí. Kí ẹ dà á nù."

"Wọ́n ti kú!" Safiyyah ló kígbe láti ẹ̀yìn. "Àná la sin wọ́n!"

"Ta nìyẹn?" ni adájọ́ wí. "O kì í ṣe olùpẹ̀jọ́, o kì í ṣe lọ́yà. Jókòó." Ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ẹjọ́ dànù.

Wọ́n pe ẹjọ́ tó kàn. Lọ́yà tó dìde kò tíì sọ̀rọ̀ jìnnà tó fi ní, "Olúwa mi, ẹ jẹ́ ká yẹ ìdájọ́ Bọ́láwárìn wò." Adájọ́ mi orí. Ó ní òun mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ṣé ó mọ̀ ọ́n? Irú ìlú wo la ń gbé, tí orúkọ èèyàn ń gba ilé fún onílé káàkiri, tí ẹni tó ni orúkọ kò sì rí ibi tó máa tẹ́ àga sí? Ta ló pa Bàbá Gàfárù: ìfúnpá ni, àbí àwa tí a jẹ èrè ẹjọ́ wọn tán tí a nu ẹnu?

N kò bẹ̀bẹ̀. Kí kóòtù dá ẹjọ́ náà padà, kó fi Safiyyah rọ́pò bàbá rẹ̀. Òfin gba ọmọ láyè láti máa bá ẹjọ́ ilẹ̀ òbí rẹ̀ lọ, adájọ́ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí lọ́yà tó fi Bàbá ṣe àkàbà sọ̀kalẹ̀ wá dúró ti Safiyyah. Ní ti alága Àjọ, kó má rán ẹnì kankan. Kó wá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ kóòtù, kó ṣàlàyé ẹni tó fún un láṣẹ láti kọtí ikún sí ìdájọ́. Tí kò bá ní àlàyé, kó gba ẹ̀wọ̀n tí òfin là kalẹ̀ fún aláìgbọràn.

Safiyyah ní òun ò ní jókòó sẹ́yìn mọ́. Iwájú lòun máa wà, kí alága lè máa wo ojú òun bó ṣe ń ṣàlàyé.