Ibi Tí Omi Píjò Ọlọ́runtóbi Ń Gbà Lọ

Ní gbogbo Ìdànrè, láti ẹsẹ̀ òkè títí dé àwọn abà tó wà lẹ́yìn Atosin, kò sẹ́ni tí kò mọ Píjò Ọlọ́runtóbi. Kí ẹ tó rí i lẹ ó ti gbọ́ ọ. Àwọ̀ ojú ọ̀run ló ní nígbà tí wọ́n kó o wá láti ìlú òyìnbó. Ní báyìí àwọ̀ kòkó gbígbẹ ló kù, nítorí ìpẹtà ti jẹ ẹ́ láti imú dé ìdí. Ihò ara ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ tóbi débi pé adìyẹ kan gba ibẹ̀ wọlé lọ́jọ́ kan, ó yé ẹyin sábẹ́ àga, ó sì tún gba ibẹ̀ jáde láìsan owó ọkọ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi àwọn ará Atosin.

Ṣùgbọ́n Ọlọ́runtóbi kì í bú u. Láràárọ̀, bó bá ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé òun jí, yóò jáde síta, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ gbá iwájú ọkọ̀ náà pẹ́pẹ́, yóò ní, "O kú iṣẹ́ àná." Òun ló fi ń kó kòkó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti èèyàn láti abà bọ̀ wá sílé. Òun ló fi rán àwọn ọmọ níwèé. Òun ló fi gbé ìyàwó rẹ̀ lọ bí àbíkẹ́yìn wọn, nígbà tí obìnrin náà wà láyé. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ta ni yóò bú u?

Ohun kan ṣoṣo ló ń bà á nínú jẹ́: omi. Bó bá rọ omi kún rádíétọ̀ láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, omi ti tán, ẹ́ńjìnnì á sì máa hó bí ìkòkò ẹ̀wà. Ẹ sì wò ó o, ẹ dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ nínú ọgbà, ilẹ̀ ibẹ̀ á gbẹ bí ẹnu aláàwẹ̀. Akinolúwa mẹkáníìkì ti gbé rádíétọ̀ lọ fún wẹ́dà, ó ti pààrọ̀ rọ́bà òkè, ó ti pààrọ̀ ti ìsàlẹ̀, ó ti fi ọṣẹ dí gbogbo ibi tó fura sí. Nígbà tó yá, ó da ẹyin tútù àti ata gbígbẹ sínú rẹ̀ bí àwọn àgbà awakọ̀ ti ń ṣe.

"Bàbá," ni Akinolúwa wí, "ó ku iyọ̀ ká fi sí i, ká wá wá búrẹ́dì tì í."

Bí omi ṣe ń tán yìí náà ló sọ Ọlọ́runtóbi di ọmọ gbogbo ilé. Kò sí ẹnu ọ̀nà kan lójú ọ̀nà abà tí wọn kò tíì bu omi fún un rí. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ìró rẹ̀ lókèèrè, wọn á ti gbé garawa síta. Ó mọ orúkọ gbogbo wọn, ó sì ń dárúkọ wọn nínú àdúrà, ìdí nìyẹn tí àdúrà rẹ̀ fi máa ń gùn tí àwọn ará ìjọ fi máa ń wúkọ́.

Ohun mìíràn tún wà tí kò kà sí. Gíláàsì iwájú rẹ̀ máa ń ṣú, bí ẹni pé èèyàn mí sí i. Aṣọ ló fi ń nù ún. Ẹni tí wọ́n bí sábẹ́ òkè Ìdànrè, tó ń rí i bí kùrukùru ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lára àpáta láàárọ̀ bí àgùntàn tó ń lọ jẹko, kí ni yóò tún máa bi gíláàsì? Kùrukùru ni. Bí èrò iwájú bá sì ní omi ń rin òun lẹ́sẹ̀, á ní ìrì ni wọ́n fẹsẹ̀ gbá bọ̀ láti oko.

Dàmọ́lá, àkọ́bí rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Àkúrẹ́, ni kò lè fara dà á mọ́. Ọjọ́ kan wà tí ọkọ̀ náà gbẹ sínú igbó, tí fóònù kò wọlé, tí ọmọ ń pe bàbá láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Lọ́jọ́ kejì ló sáré wálé. Ó ní òun ti bá ọkùnrin kan sọ̀rọ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí í ra ọkọ̀ jákujàku, tí wọ́n ń fọ́ ọ tà ní kìlò. Ó ní kí bàbá wá máa bá òun gbé.

"Bàámi, kì í ṣe mọ́tò ni mo ń bá jà. Ẹ̀rù yín ló ń bà mí."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Ọlọ́runtóbi lára. Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Àkúrẹ́ dára, ṣùgbọ́n kí ni yóò máa ṣe níbẹ̀? Yóò jókòó, yóò máa wo tẹlifíṣọ̀n bí ẹni tó ń dúró de oúnjẹ. Síbẹ̀ ó ṣèlérí: bí omi bá ṣì ń tán nínú ọkọ̀ náà títí di Sátidé, kí ọkùnrin náà wá gbé e. Ọlọ́runtóbi kì í yẹ àdéhùn.

Ọjọ́bọ̀ dé, omi ṣì ń tán. Òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni Màmá Jemima, ìyá àdúrà ìjọ wọn, jókòó síwájú ọkọ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi kan láàárín ẹsẹ̀. Omi àdúrà ni, wọ́n ti da lọ́fíńdà sí i dáadáa. Ó ń gbé e lọ fún obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní abà. Wọn kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í hó, níbi tí kò sí ilé, tí kò sí odò, kòkó nìkan lọ́tùn-ún lósì.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n jẹ́ kó tutù. Ọlọ́runtóbi fi àkísà ṣí ìdérí rádíétọ̀, ó yọjú wo inú rẹ̀. Ó gbẹ. Kò wo kẹ́ẹ̀gì ìyá náà. Ọ̀run ló ń wò. Ìyá náà ló wò ó, tó wo kẹ́ẹ̀gì.

"Bù ú sí i."

"Màmá, omi àdúrà mà ni."

"Ta lo fẹ́ kó gbé mi dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà, ẹsẹ̀ mi yìí? Fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ. Ọlọ́run tó gbọ́ àdúrà yẹn mọ ẹ́ńjìnnì náà."

Ó bù ú sí i, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọ̀run bí omi ti ń wọlé. Ọkọ̀ ṣíná, wọ́n gbéra. Bí wọ́n ti ń gun òkè kékeré kan, gíláàsì tún ṣú. Ọlọ́runtóbi na ọwọ́ sí aṣọ rẹ̀. Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í fín imú.

"Ọlọ́runtóbi, ṣé o jí lọ́fíńdà mi para ni?"

"Èmi kẹ̀, Màmá? Omi náà ló kán sí mi lọ́wọ́."

"Kì í ṣe ọwọ́ rẹ. Iwájú mi níbí ni òórùn rẹ̀ ti ń wá." Ó na ìka sí gíláàsì, ó fi kan imú. "Kí lo pe eléyìí?"

"Kùrukùru òkè ni, Màmá."

"Kùrukùru kì í para lọ́fíńdà."

Ọlọ́runtóbi tẹ bíréékì. Ìyá náà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti ká rọ́bà ilẹ̀ sókè. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ló bá lábẹ́ rẹ̀, tó ń sàn wọ inú ihò tí ìpẹtà ti dá sí ilẹ̀ ọkọ̀, tó ń bọ́ sójú ọ̀nà díẹ̀díẹ̀ bí ọkọ̀ ti ń sáré. Gbogbo abẹ́ ibẹ̀ ń ta sánsán bí ọjọ́ ìkórè. Ọlọ́runtóbi fi ọwọ́ rẹ̀ kan omi náà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sínú koríko, ó sì bú sẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì ni Akinolúwa tú abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Hítà ló rí níbẹ̀, àpótí kékeré tí òyìnbó ṣe láti máa fi omi gbígbóná ẹ́ńjìnnì mú ara èrò ọkọ̀ móoru nígbà òtútù wọn. Ó ti jẹrà pátápátá. Akinolúwa gbá orí ara rẹ̀. Ó ní láti ìgbà tóun ti ń ṣe ọkọ̀ ní Ìdànrè, kò tíì sí èrò kan tó bẹ òun pé kí òun fi ooru kún ooru. Ó yọ rọ́bà méjèèjì tó ń gbé omi lọ síbẹ̀, ó so ẹnu wọn pọ̀ mọ́ páìpù kékeré kan, ó fi kílíìpù dì í pinpin. Ó parí. Ọlọ́runtóbi kúrò níbẹ̀, ó lọ pọn omi kún gbogbo ìkòkò tó wà ní ilé àdúrà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Màmá Jemima. Ìyá náà ní kó dìde, kó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kó sì rántí pé lọ́fíńdà ìjọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Sátidé, Dàmọ́lá dé pẹ̀lú ọkùnrin tí ń ra ọkọ̀ jákujàku. Ignatius lorúkọ rẹ̀, tírélà kékeré ló gbé wá. Ọlọ́runtóbi kò bá wọn jiyàn. Ó rọ omi kún rádíétọ̀ dé ẹnu lójú wọn, ó ní kí àwọn méjèèjì wọlé. Wọ́n lọ sí abà, wọ́n kó èèyàn, wọ́n kó ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n gun gbogbo òkè tó wà lọ́nà. Àwọn tó gbé garawa síta, ó ń juwọ́ sí wọn, ó ń dárúkọ wọn, kò dúró. Nígbà tí wọ́n padà dé, tí ọkọ̀ ti tutù, Dàmọ́lá fúnra rẹ̀ ló ṣí ìdérí. Omi wà dé ẹnu.

Dàmọ́lá rọra dé e padà, ó wo bàbá rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ignatius gbá ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà, ìpẹtà sì ya bọ́ sílẹ̀. "Bàbá, ara rẹ̀ ló rà, inú rẹ̀ kò rà. Ọjọ́ tó bá kú, ẹ pè mí."

"Wàá ti hu ewú kó o tó gbọ́ ìpè náà."

Ignatius rẹ́rìn-ín, ó gbé tírélà rẹ̀, ó wá ibòmíràn lọ. Ìgbà yẹn ni Dàmọ́lá tó rántí pé ọkọ̀ ọkùnrin náà lòun bá wá. Nírọ̀lẹ́, bàbá rẹ̀ ló gbé e padà sí Àkúrẹ́. Dàmọ́lá jókòó síwájú, ó na ẹsẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́, ó ń sọ̀rọ̀ ọmọ, títí ohùn rẹ̀ fi ń lọ sílẹ̀. Kí wọ́n tó kúrò ní ilẹ̀ Ìdànrè, ó ti sùn lọ, orí rẹ̀ sì tẹ̀ sí èjìká bàbá rẹ̀, bó ti máa ń ṣe nígbà tó wà ní kékeré tí wọ́n bá ń ti oko bọ̀.

Ọlọ́runtóbi dín eré kù. Ó ń yẹ ihò ojú ọ̀nà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń dúpẹ́ ní ohùn jẹ́jẹ́.